Àáró Ni Kẹ́ Ẹ Ṣe, Ẹ Má Bẹ Ọ̀wẹ̀

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo yàn lóṣù yìí. Àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, nítorí pé ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń bèèrè, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí àwọn tó ń fi fídíò najú ti ń gba ara wọn nímọ̀ràn, ni mo ti ń ṣe láti ọdún 2019. Mo ti ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀, mo sì ti tìtorí rẹ̀ lọ bẹ èèyàn nílé.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ àdúgbò wa, màá fi fọ́ọ̀nù mi ya bí wọ́n ṣe ń ta òwú, bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá, síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí aṣọ òkè tí wọ́n ń pè ní ẹtù ṣe yàtọ̀ sí sányán. Mi ò pa kọ́bọ̀ kan lórí rẹ̀. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo kó àwa tá a jọ ń fi fídíò najú jọ sórí WhatsApp, ká lè máa gba ara wa nímọ̀ràn. Kí oṣù méjì tó pé, a ti di ọgọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ti tán níbẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́, líǹkì ni: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi subscribe, èmi náà á ṣe tiyín.” Àwa mẹ́rin péré la ṣì ń bára wa sọ̀rọ̀ gidi: ìyá kan tó ń dáná, bọ̀dá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò ìrẹsì, ọmọ yunifásítì kan tó ń ké ewì, àti èmi. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní tún dà bẹ́ẹ̀?

— Nọ́ọ̀sì, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN

Nọ́ọ̀sì mi, o kú ìtọ́jú aláìsàn. Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ, torí o ti rí i pé ẹgbẹ́ kan lè kú nígbà tí èrò ṣì ń wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tètè rí ìyẹn.

Má bínú sí àwọn ọgọ́sàn-án yẹn. Ìwọ lo bẹ ọ̀wẹ̀ níbi tó yẹ kó o ti ṣe àáró. Jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ó ṣeé ṣe kó o má bá méjèèjì láyé.

Lábúlé bàbá mi, lọ́nà Ìdó, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á bẹ ọ̀wẹ̀. Á ránṣẹ́ sí ẹbí, sí ọ̀rẹ́, sí àwọn tó fẹ́ ọmọ rẹ̀. Èrò á ya dé, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ògiri, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á mu ẹmu, ilẹ̀ á ṣú, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ó parí nìyẹn. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí oko wọn kò jìnnà síra, tí agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ni wọ́n ń ṣe é. Lónìí gbogbo wọn á bá Lágbájá kọ ebè. Tó bá ṣe díẹ̀, ó di oko Tàmẹ̀dò. Kò sí ẹni tó lè jókòó sílé kó ránṣẹ́ pé òun ti bá ọ kọ ebè tìrẹ. Bó o bá sì ṣe ìmẹ́lẹ́ lóko ẹlòmíràn, ojú gbogbo wọn ló ṣe, ẹ ó sì jọ pàdé lóko tìrẹ.

“Ẹ bá mi subscribe, èmi náà á ṣe tiyín” dà bí àáró létí, ṣùgbọ́n ìjókòó-sílé-ránṣẹ́ ni. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì yẹn kò wo ẹtù, kò wo sányán, kò sì ní padà wá. YouTube pàápàá fi òfin de irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní owó lò ń wá: kí wọ́n tó lè máa pín owó ìpolówó fún èèyàn, ó gbọ́dọ̀ ní alábàápín (àwọn tó tẹ “subscribe”) 1,000, kí àwọn èèyàn sì ti fi wákàtí 4,000 wo fídíò rẹ̀ láàárín oṣù méjìlá, tàbí kí wọ́n ti wo àwọn fídíò kúkurú rẹ̀ nígbà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín 90 ọjọ́. Alábàápín tí kì í wo nǹkan kan kò lè fi ìṣẹ́jú kan kún wákàtí yẹn fún ọ. Ìwọ sì ti sọ pé owó kọ́ lò ń wá. Kí lo wá fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Ẹ̀yin mẹ́rin ti tó. Mo mọ̀ pé ó máa ṣe ọ́ bíi kó o wá èèyàn kún un. Má ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwa mẹ́fà la wà nínú tiwa ní Ìbàdàn, a sì ti rí i pé mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù. Èèyàn méjì ni a ń wo iṣẹ́ wọn níjókòó kan. Nígbà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń pàdé, oṣù mẹ́ta ni èèyàn fi ń dúró kó tó tún kàn án. Kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ó ti gbàgbé ohun tó fẹ́ bèèrè. A wá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Tẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin bá ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, oko kálukú á máa kàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyẹn dáa gan-an.

Pálọ̀ ọ̀kan lára wa ní Mọ́kọ́lá la ti ń ṣe é, lọ́sàn-án Sátidé. A máa so fọ́ọ̀nù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, a ó wo fídíò náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdá sí i. Ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ máa ní “ibí yìí, iná ló lọ” tàbí “ẹ dúró, ó máa dáa níwájú.” Àwọn tó ń wò ó nílé wọn kò ní í lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ṣàlàyé fún wọn. Kálukú mú ìwé kékeré dání. Ibi tí ọkàn rẹ bá ti kúrò lórí fídíò, kọ aago ibẹ̀ sílẹ̀: ìṣẹ́jú kan àti àáyá mẹ́wàá, báyìí-báyìí. Tá a bá wò ó tán, tá a rí i pé ẹni mẹ́ta kọ ibì kan náà sílẹ̀, àríyànjiyàn ti tán.

Ibẹ̀ lèmi náà ti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì dùn mí dé eegun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ewébẹ̀ ilẹ̀ wa ni mo ń ṣe fídíò lé lórí: gbúre, ẹbọlọ, yánrin, wọ̀rọ̀wọ́, odú, ṣọkọ. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó ń tún fọ́ọ̀nù ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ọmọ-ọmọ mi lọ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jẹ́ ká ṣí YouTube Studio yín.” Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń fi hàn bí iye àwọn tó ṣì ń wò ṣe ń dín kù. Ìlà tèmi já wálẹ̀ bí ẹni bọ́ sí kòtò, kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Kí ni mò ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan yẹn? Mò ń kí wọn. “Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti ń wò mí.” Mò ń kí àwọn tó wà nílé, mò ń kí àwọn tó wà lókè òkun, mò ń ṣàdúrà fún wọn. Ìṣẹ́jú méjì ó lé kí n tó fọwọ́ kan ewé. Èrò mi ni pé ọmọlúàbí ni mò ń ṣe.

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp wa. Lọ́jọ́ kẹta, mo tún fídíò náà yà. Mo gbé ẹbọlọ lé ọwọ́ ọ̀tún, mo gbé gbúre lé ọwọ́ òsì, mo ní: “Èyí tó ń rùn yìí ni ẹbọlọ. Ẹ kú ilé o.” Ìkíni mi ṣì wà níbẹ̀, ó kàn wá lẹ́yìn ewé ni. Ìlà náà kò já wálẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mo sì pe ọmọ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí torí ohun tó máa kọ́kọ́ dà yín láàmú ní Ìsẹ́yìn. Ìyá kan wà láàárín yín, ọmọ yunifásítì kan náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá gbẹ̀kọ́ nílé kò ní lè wo ojú ìyá náà kó ní fídíò rẹ̀ ti gùn jù. “Ó dáa gan-an, Mà” ló máa sọ, ìyá náà á sì máa bá àṣìṣe rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ la máa ń pa ara wa lára nígbà tí a rò pé ọ̀wọ̀ la ń bù fún ara wa. Tiwa, ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó má baà gbọ́ ti àgbà kó wá yí tirẹ̀ padà. “Fídíò yìí” la sì ń wí, a kì í wí “ẹ̀yin.” “Fídíò yìí pẹ́ kó tó dé ìdí ọ̀rọ̀” ṣeé gbọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ẹ kúnlẹ̀ kíra yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bi ara yín nípa ilé àti ọmọ. Tẹ́ ẹ bá ti tan tẹlifíṣọ̀n, ó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ìbéèrè ni kí ẹni tí oko kàn fi bẹ̀rẹ̀. “Ṣé ó dáa?” kò tó. Kó ní, “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí kò rí bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òfì rí á mọ ohun tí ọ̀kọ̀ ń ṣe.” Ìmọ̀ràn tó bá dá lórí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń wúlò.

A ti pàdánù ẹnì kan. Bàbá kan tó ń tún rédíò àtijọ́ ṣe wà láàárín wa, iṣẹ́ rẹ̀ sì wù mí púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa sọ fún un, lójú ìyàwó rẹ̀, pé ohùn rẹ̀ ń dun èèyàn létí. Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún mi ní omi, ṣùgbọ́n kò padà wá. Ó ṣì máa ń wá sí mi lọ́kàn, torí èmi ni mo jókòó sí ipò alága lọ́jọ́ náà, mi ò sì tètè dá ọ̀rọ̀ yẹn dúró. Ohùn tí Ọlọ́run fún èèyàn kò ṣeé pààrọ̀. Ohun tó yẹ ká sọ ni pé fọ́ọ̀nù jìnnà sí ẹnu rẹ̀, pé yàrá tó ti ń ya á ṣófo, ògiri sì ń dá ohùn padà. Ìyẹn ṣeé tún ṣe lọ́jọ́ kan náà: kó jókòó sí yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, tàbí kó ta aṣọ ìbora méjì sẹ́yìn fọ́ọ̀nù. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ tọ́ka sí àbùkù níjókòó wa gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí ẹni náà máa ṣe sí i.

Ní ti WhatsApp yẹn, má pa á rẹ́, èébú ni àwọn èèyàn máa kà á sí. Yí i padà kó jẹ́ pé àwọn admin nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, kó o sì máa fi fídíò tó bá jáde láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin mẹ́rin ránṣẹ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ dá tuntun sílẹ̀ fún ẹ̀yin mẹ́rin. Kò sí líǹkì níbẹ̀ àyàfi ti ẹni tí oko kàn. Ẹ má tíì dá owó kankan. Lọ́dún kejì la tó jọ ra gbohùngbohùn kékeré kan tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ, ó sì ń yí ká láàárín wa. Ká ní owó la fi bẹ̀rẹ̀ ni, owó la ó máa jà lé lórí.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn nítorí iṣẹ́ rẹ. Má gbé kámẹ́rà fọ́ọ̀nù yẹn wọ wọ́ọ̀dù láé, ì báà jẹ́ pé aláìsàn náà ló ní kó o ya òun. Lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ náà, gba àyè lọ́wọ́ wọn kó o tó ya wọ́n; tó bá jẹ́ ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ ni, lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìbéèrè tẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin á máa bi ara yín níjókòó kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹni tó wà nínú fídíò yìí mọ̀ pé òun wà níbẹ̀?

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ kú àárọ̀, Mà. Abẹ́òkúta ni mo wà. Mo sọ fún ẹgbẹ́ wa pé mo fẹ́ ṣe fídíò lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Kí n tó parí rẹ̀, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ti lọ ṣe é, ó ti gbé e jáde. Inú ń bí mi. Ṣé kí n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀?

ÌDÁHÙN

O ní ìdí láti bínú. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọ gbà á: iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe jáde ni òfin àṣẹ-ẹ̀dá (copyright) ń dáàbò bò, kì í dáàbò bo èrò tó ṣì wà lọ́kàn. Kò sì sẹ́ni tó lè dá àdìrẹ ní nínú Abẹ́òkúta. Bó o bá dúró sí Ìtòkú láàárọ̀ kan, wàá rí èèyàn mẹ́wàá tó lè bá ọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni kó o bá wọn sọ. Tiwa, ìwé kan wà tí akọ̀wé ń mú dání. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ kókó kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ fún un fún oṣù méjì. Láàárín oṣù méjì yẹn, kò sẹ́lòmíràn tó lè fọwọ́ kàn án. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò ṣe é, ó di ti gbogbo wa. Ọ̀ràn kan ló bí òfin yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tìrẹ, wọ̀rọ̀wọ́ ló sì dá a sílẹ̀.

Pe ẹni náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o tó sọ ọ́ níjókòó. Ó lè jẹ́ pé kò rò ó dé ibẹ̀. Tó bá bẹ̀ ọ́, gbà. Kó o sì parí fídíò tìrẹ. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀kọ pákí ni tirẹ̀ sọ, ìwọ lọ jókòó ti ìyá kan tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ, kó sọ orúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan fún ọ, àti ẹni tó kọ́ òun. Fídíò méjì lórí àdìrẹ kò tíì pọ̀ jù fún ìlú yín. Àmọ́ tí ẹni náà bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀, bọ́ síta, má pariwo.

LẸ́TÀ KẸTA

Ẹ kú iṣẹ́, Mọ̀mí. Peckham ni mò ń gbé, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mò ń gbin ewédú àti ṣọkọ sẹ́yìnkùlé, mo sì ń fi Yorùbá ṣe fídíò rẹ̀. Kò sí ẹni tá a lè jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ níbí. Ṣé mo lè wà nínú ẹgbẹ́ kan ní Nàìjíríà láti ibí?

ÌDÁHÙN

O lè wà níbẹ̀ dáadáa. Láti òpin oṣù Kẹta sí òpin oṣù Kẹwàá, aago kan náà la jọ ń lò. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré la fi ṣíwájú yín. Ohun tó le ni dátà. Má ní kí àwọn ará ilé máa wo ọ lójúkojú lórí fọ́ọ̀nù fún wákàtí méjì; owó wọn lò ń ná. Fi fídíò rẹ ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n wò ó nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, kí wọ́n sì fi ohùn dá ọ lóhùn lórí WhatsApp. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiwọn, kó o má kàn fi àwòrán àtàńpàkò ránṣẹ́.

Bọ̀dá tó ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò ìrẹsì ní Ìsẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Màá bi nọ́ọ̀sì náà bóyá wọ́n á fẹ́ gba ẹnì karùn-ún tó bá di oṣù kẹrin. Kó o tó gbọ́ èsì, ya fídíò kan ránṣẹ́ sí mi níbi tó o ti ń fi ewé ewédú yẹn hàn mí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, torí mo fẹ́ rí ohun tí òtútù yẹn ṣe sí i.